Gọ́ọ̀mù mọ́dẹ́lì oníke: ohun tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to mọ́dẹ́lì oníke (ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ àti nǹkan mìíràn, tí a ń to látinú ẹ̀yà ike) máa ń bi mí jù ni pé gọ́ọ̀mù wo ló dáa jù. Èmi náà á bi wọ́n padà pé, kí lẹ fẹ́ lẹ̀, kí lẹ sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́? Gọ́ọ̀mù tó máa so apá ọkọ̀ òfurufú mọ́ ara rẹ̀ títí ayé lè má rí nǹkan kan ṣe sí idẹ tó wà nínú páálí kan náà, èyí tó sì máa mú idẹ yẹn dáadáa lè sọ gíláàsì iwájú awakọ̀ di funfun báláú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á fi ṣe gbogbo iṣẹ́, tí oríkèé bá wá ń tú, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ni kò gún régé. Ọwọ́ yín kọ́. Gọ́ọ̀mù yẹn ni kò bá ohun tí ẹ ń lẹ̀ mu.

Ọkọ̀ òfurufú àti táńkì ogun ni èmi ń tò jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tá a jọ máa ń jókòó sídìí tábìlì, róbọ́ọ̀tì ló ń tò ní tiẹ̀. Ohun tí àwa méjèèjì ń lò ni mo kọ síbí, pẹ̀lú èrò mi nípa àwọn tí mi ò fẹ́ràn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara sprue

Ẹ mọ ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ẹ̀yà máa ń so mọ́ nínú páálí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sprue. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò yí ká. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń tẹ orúkọ ike sí i lára ní lẹ́tà kéékèèké. PS dúró fún polystyrene, PE fún polyethylene, PP fún polypropylene, ABS sì ń jẹ́ ABS bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà méjì mẹ́ta yìí ló máa sọ ìgò tí ẹ máa nawọ́ sí.

Polystyrene ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mọ́dẹ́lì tá à ń lẹ̀, yálà ti ilé iṣẹ́ Tamiya, Airfix, Revell tàbí Hasegawa. Ó le, ó rọrùn láti gé àti láti fá, tí ẹ bá sì tẹ ẹ̀yà tín-ín-rín rẹ̀ jù, á dá. ABS kì í tètè dá bíi tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lò ó níbi tó ń yí tàbí tó ń gba agbára, irú bí oríkèé àwọn róbọ́ọ̀tì Bandai kan. Polyethylene rọ̀, ara rẹ̀ sì ń yọ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe rọ́bà kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú oríkèé róbọ́ọ̀tì, òun náà ni wọ́n fi ṣe àwọn ọmọ ogun kéékèèké rírọ̀ tí Airfix máa ń kó sínú páálí láyé ọjọ́un.

Tí ẹ ò bá rí lẹ́tà kankan, ẹ gé sprue díẹ̀, ẹ kán gọ́ọ̀mù ike, ìyẹn èyí tó ń yọ́ ike, sí i, ẹ ka ìwọ̀n ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi igi ìtayín gún ojú ibẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá ti rọ̀, tó ń fà mọ́ igi, gọ́ọ̀mù yẹn máa ṣiṣẹ́. Tí ojú rẹ̀ bá ṣì le tó sì ń dán bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀, kò ní bá yín ṣe é.

Gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ike

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, torí náà mo máa dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Gọ́ọ̀mù ike kì í jókòó sáàárín ẹ̀yà méjì kó máa dì wọ́n mú. Ṣe ló ń yọ́ ojú àwọn méjèèjì. Molecule polystyrene gùn, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó. Tí acetone àti butyl acetate tó wà nínú gọ́ọ̀mù bá wọ àárín wọn, òwú náà á dẹ̀, ti ẹ̀yà ọ̀tún á rìn wọnú ti ẹ̀yà òsì, wọ́n á tún lọ́ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni èròjà yẹn á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ohun tó kù níbẹ̀ kì í ṣe gọ́ọ̀mù mọ́, ike ni. Ẹ̀yà méjì ti di ẹyọ kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá yé yín, gbogbo òfin yòókù á yé yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń kọ́ yín.

Ẹ wò ó: tí ẹ bá ti kun ẹ̀yà lọ́dà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ọ̀dà ni gọ́ọ̀mù máa bá pàdé. Á yọ́ ọ̀dà, ọ̀dà á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ẹ̀yà náà á re bọ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kàn fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ fá ojú tó máa lẹ̀ títí ẹ óò fi rí àwọ̀ ike gan-an. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi kírómù bò, bíi bọ́ńpà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ fá kírómù yẹn kúrò, ẹ tún fá ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, torí wọ́n máa ń kun fánísì sí ike kí wọ́n tó fi kírómù bò ó. Tí ẹ bá fi èyí sílẹ̀, asán ni gbogbo rẹ̀.

Nínú gọ́ọ̀mù ike, èyí tó ṣàn jù ni mo fẹ́ràn jù. Tamiya Extra Thin ló wà lórí tábìlì mi, ìgò mililita 40 tó ní ìdérí àwọ̀ ewé, tí búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín sì wà lára ìdérí náà. Mr. Cement S ti ilé iṣẹ́ GSI Creos ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kun ojú ẹ̀yà kan, wọ́n á wá wá ẹ̀yà kejì, kí wọ́n tó gbé e dé, ti àkọ́kọ́ ti gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń lò ó kọ́ nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀yà méjèèjì pọ̀ ná ní gbígbẹ, kí ẹ dì wọ́n mú kó ṣe rẹ́gí. Ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì yọ, ẹ nù ún mọ́ etí ìgò kó má máa kán. Ẹ wá fi ẹnu rẹ̀ kan ojú àpapọ̀ náà, ojú kan péré, kí ẹ sì gbé e kúrò.

Ẹ fojú sílẹ̀ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan á sáré jáde láti ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kàn án, á gba ojú àpapọ̀ lọ, á yí ìdí apá ọkọ̀ po, á sì dúró níbi tí àlàfo ti fẹ̀ jù fún un. Àlàfo tó há ló ń fà á, kò sóhun tó ń tì í. Mo ti to mọ́dẹ́lì tipẹ́, síbẹ̀ mo ṣì máa ń tẹjú mọ́ ìlà yẹn bó ṣe ń lọ. Ibi tó bá dúró sí ni kí ẹ tún fi búrọ́ọ̀ṣì kàn, kó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Tí ìlà ò bá sáré rárá, àlàfo yẹn ti fẹ̀ jù, ẹ̀yà méjèèjì ò fara kanra. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ fún yín pé kí ẹ padà lọ fá ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi: ìka ọwọ́. Àlàfo tó wà láàárín awọ ìka àti ike náà há, ó sì ń fa gọ́ọ̀mù mọ́ra. Tí ìka yín bá wà lórí ojú àpapọ̀, gọ́ọ̀mù á sá wọ abẹ́ rẹ̀, àmì ìka yín á sì tẹ̀ sí ara ike pátápátá. Téèpù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi téèpù so ara ọkọ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù jìnnà sí etí téèpù, ẹ lẹ ibi tó wà láàárín téèpù kan sí èkejì, kó gbẹ, kí ẹ tó yọ téèpù kí ẹ sì lẹ ìyókù. Tí gọ́ọ̀mù bá sì kán síbi tí kò yẹ, ẹ má nù ún. Mo tún un sọ, ẹ má nù ún o. Ojú ike ti rọ̀ níbẹ̀, tí ẹ bá fi aṣọ kàn án, ẹ ti ya á nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, á fẹ́ lọ, àmì díẹ̀ ló máa kù, sáńpépà tó kúnná á sì mú un kúrò.

Fún ara ọkọ̀ òfurufú, níbi tí mi ò ti fẹ́ rí ojú àpapọ̀ rárá, mo máa ń fi gọ́ọ̀mù sí i lẹ́ẹ̀mejì, màá jẹ́ kí ike rọ̀ díẹ̀, màá wá rọra fún ẹ̀yà méjèèjì mọ́ra. Ike tó ti yọ́ á fún jáde lójú àpapọ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú dé ìdí. Ìlà yẹn ni mo ń fẹ́: ó fi hàn pé kò sí àlàfo kankan nísàlẹ̀. Màá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó kéré tán wákàtí 24, màá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ há a, lẹ́yìn náà màá fi sáńpépà 400, 600, títí dé 1000 sí i (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe kúnná tó). Ẹni tó bá fi sáńpépà sí i lọ́jọ́ kan náà máa rí i pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kòtò kékeré á gba ojú ibẹ̀ lọ, torí ike tó rọ̀ ṣì ń sún kì bó ṣe ń gbẹ.

Tamiya tún ní oríṣi Extra Thin tó ń yára gbẹ. Mo ń lò ó fún ẹ̀yà kéékèèké tí mi ò lè fọwọ́ dì mú pẹ́, àmọ́ fún ara ọkọ̀ tó gùn, kò fún èèyàn láyè. Limonene cement wà pẹ̀lú, èyí tí òórùn rẹ̀ jọ ti èèpo ọsàn, torí inú èèpo ọsàn ni limonene ti ń wá. Ó fara balẹ̀ ju ti acetone lọ, orí ò sì ń fọ́ni tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ òórùn dídùn ò sọ pé kò lágbára: ó ń yọ́ ike, ó sì lè mú kí awọ ara àwọn kan máa yún wọn.

Èyí tó ki ní iṣẹ́ tirẹ̀. Polystyrene yíyọ́ ni wọ́n pò mọ́ ọn, òun ló jẹ́ kó nípọn tó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Tamiya Cement wà nínú ìgò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Revell Contacta Professional ní abẹ́rẹ́ irin tó gùn, ẹ sì lè fi kán ìwọ̀n bíńtín síbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dí. Àwọn kan máa ń fi iná jó o, èmi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń gbiná. Okùn jìtá tó tín-ín-rín jù ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́.

Nígbà wo ni èyí tó ki ṣe pàtàkì? Nígbà tí ẹ bá nílò àkókò. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ dúró ní ìgun tó yẹ, ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Pẹ̀lú èyí tó ki, mo lè kì í bọ ihò rẹ̀, kí n gbé ọkọ̀ náà sókè, kí n wò ó láti iwájú, kí n rọra tì í, kí n tún wò ó, kó tó di pé ó gan. Nípa ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ táńkì ogun tó jẹ́ ẹyọ-ẹyọ, mi ò lè fi nǹkan mìíràn ṣe é. Mo máa ń to àwọn ẹyọ náà sí ojú kan lórí téèpù, màá fi gọ́ọ̀mù tó ki sí àárín wọn, màá dúró bí ìdajì wákàtí. Nígbà yẹn wọ́n ti mú ara wọn, àmọ́ wọ́n ṣì ń tẹ̀. Màá wá ká gbogbo rẹ̀ yí àwọn ẹsẹ̀ táńkì, màá tẹ apá òkè rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó lè sọ̀ bí ìwúwo ṣe ń mú kí ti gidi sọ̀, màá fi ègé fóòmù dá a dúró di ọjọ́ kejì.

Ti inú túùbù ńkọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré? Ó ń fà bí ẹ bá gbé e, ó ń jáde ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ṣeé darí. Tí ẹ bá ti ní méjì tí mo sọ lókè yìí, ẹ ò nílò rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbí: ẹ má da ìgò Extra Thin tó fẹ́ tán nù. Ẹ gé sprue wẹ́wẹ́ sínú èyí tó kù nísàlẹ̀, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Á di ike kíki tí ẹ lè fi dí àlàfo. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ dénú, ó sì ń sún kì, torí náà ẹ jẹ́ kó yọ sókè díẹ̀ ju ojú ike lọ. Èrè rẹ̀ ni pé tó bá gbẹ, líle rẹ̀ àti ti ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dọ́gba. Sáńpépà á gba orí rẹ̀ kọjá geere, ẹ sì lè tún ìlà tó ti parẹ́ fín síbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀bẹ ń yà bàrá.

Súpà gúlù, fún ohun tí kò ṣeé yọ́

Idẹ pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní photo-etch ò ní yọ́ fún gọ́ọ̀mù ike. Resin, irú ike kan tó jẹ́ omi kó tó gan, náà ò ní yọ́, yálà èyí tí wọ́n dà sínú móòdù tàbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀. Fún ìwọ̀nyí, súpà gúlù la máa ń lò. Orúkọ èròjà inú rẹ̀ ni cyanoacrylate. Harry Coover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Eastman Kodak ló bá a pàdé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ń wá ike tó mọ́ gaara fún ojú ìbọn. Wọ́n pa á tì torí pé gbogbo ohun tó bá kàn ló ń lẹ̀ mọ́. Ọdún 1951 ni wọ́n tó padà sí i, ó sì jáde fún títà ní 1958.

Ọ̀rinrin ló ń mú un gan. Omi kékeré tí ojú kò lè rí, tó máa ń wà lára gbogbo nǹkan, ti tó o. Nítorí náà bó bá ṣe fẹ́lẹ́ tó ló ṣe ń yára gan tó, tó bá pọ̀ jù, òkè rẹ̀ á gan, inú rẹ̀ á sì wà ní omi. Èyí tó ṣàn wà, èyí tó wà láàárín wà, gẹ́ẹ̀lì náà wà. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fẹ́ rà, ẹ ra ti àárín.

Ẹ má kán an láti ẹnu ìgò rẹ̀ sára mọ́dẹ́lì láé. Ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é. Mo ní abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan tí mo ti gé orí ojú rẹ̀ kúrò, ó wá ní ẹnu méjì kéékèèké tó là, mo sì kì í bọ ègé igi kan kí n lè rí i dì mú. Màá kán súpà gúlù sórí ègé ike kan tó mọ́, màá ti abẹ́rẹ́ náà bọ̀ ọ́, omi díẹ̀ á há sáàárín ẹnu méjèèjì. Màá gbé idẹ náà síbi tó yẹ pẹ̀lú ẹ̀mú, màá fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan etí rẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ á yọ́ wọlé, ìyókù á dúró sórí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá dí, mo máa ń fi ọ̀bẹ há a.

Kí ẹ tó lẹ resin, ẹ fi ọṣẹ ìfọwo fọ̀ ọ́, torí òróró tí wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú móòdù ṣì wà lára rẹ̀, súpà gúlù ò sì ní mú un. Ẹ tún rántí pé súpà gúlù le, àmọ́ kì í tẹ̀. Tí wọ́n bá fà á ní tààrà, ó lágbára gan-an, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń ṣí pẹ́ẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi lẹ apá ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá jẹ́ pé polystyrene ni méjèèjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń jà mí lórí èyí, ó ní ó yára. Ó yára lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yà tó ti di ọ̀kan pẹ̀lú ara ọkọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí nǹkan mìíràn dì mú.

Ó dára fún dídí àlàfo, pàápàá tí ẹ bá fi èròjà amúgan sí i, èyí tí wọ́n ń fọ́n díẹ̀ láti mú un gan lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi sáńpépà sí i láàárín wákàtí kan. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la, á ti le ju ike lọ, sáńpépà á máa jẹ ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á sì fi òkè kékeré sílẹ̀ láàárín.

Gíláàsì, fèrèsé àti iná iwájú

Ẹ̀yà tó mọ́ gaara ló ń tètè bàjẹ́ jù. Polystyrene náà ni ọ̀pọ̀ wọn, gọ́ọ̀mù ike á sì fi àmì sí wọn tàbí kó jẹ́ kí wọ́n sán wẹ́wẹ́. Súpà gúlù tún burú ju ìyẹn lọ: èéfín rẹ̀ máa ń bà lé ara wọn, á gan síbẹ̀, á di funfun tí kò ṣeé fọ̀. Èéfín náà ò sì ní kí gọ́ọ̀mù kan gíláàsì kó tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Tí ẹ bá fi súpà gúlù lẹ nǹkan sínú ibi ìjókòó awakọ̀, tí ẹ sì dé ibẹ̀ kíákíá, ẹ ti há a mọ́ inú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i mọ́jú.

Gọ́ọ̀mù funfun, PVA, ni mo ń lò. Omi ló wà nínú rẹ̀, kì í yọ́ ike, funfun ni nígbà tó tutù, ó sì ń mọ́ gaara tó bá gbẹ. Èyí tó bá kọjá ààlà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó lómi lára nù ún, kò ní fi àmì kankan sílẹ̀. Kristal Klear ti Microscale wà nínú ẹbí yìí, ẹ sì lè fi ṣe fèrèsé kékeré láìlo ike rárá: ẹ fi igi ìtayín bọ̀ ọ́, ẹ fi yí etí ihò fèrèsé náà po, ẹ wá fà á kọjá láti etí kan sí ìkejì. Á ta bo ihò náà, á gbẹ, á mọ́. Ihò kékeré nìkan o.

PVA ò lágbára púpọ̀. Tí ẹ bá ń yọ téèpù tí ẹ fi bo gíláàsì nígbà tí ẹ ń kun ọkọ̀ lọ́dà, ẹ rọra fà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fà á sókè, kó má bàa gbé gíláàsì dání. Ẹ má sì fi sáńpépà olómi sún mọ́ ọn, omi á tú u. Mo mọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń fi Extra Thin lẹ gíláàsì iwájú torí wọ́n fẹ́ fá ojú àpapọ̀ rẹ̀ kó dọ́gba, iṣẹ́ wọn sì dára. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti balẹ̀ lè ṣe é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sórí PVA.

Ohun tó wúwo, àti ohun tí kò gbà

Gọ́ọ̀mù epoxy alápá méjì, tí wọ́n ń pò ní ìdọ́gba, kò pọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe láìní in. Ó wà fún irin wíwúwo àti resin ńlá. Èyí tó ń gan ní ìṣẹ́jú 5 wà, èyí tó ń gba ìṣẹ́jú 30 náà wà. Ọkọ̀ òfurufú tó ní ẹsẹ̀ níwájú sábà máa ń ṣubú sẹ́yìn, torí náà a máa ń fi òjé sí imú rẹ̀. Epoxy ni kí ẹ fi dì í mú níbẹ̀. Ẹ má fi PVA ṣe é: ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ lè máa jẹ òjé náà, òjé á wú díẹ̀díẹ̀, á sì ya imú ọkọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Táyà fínílì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Èròjà tó ń mú un rọ̀ máa ń jáde lára rẹ̀, á sì máa yọ́ polystyrene tó bá fara kàn án fún ìgbà pípẹ́. Ẹ kun ìdí táyà lọ́dà dáadáa kí ẹ tó fi táyà bọ̀ ọ́. Polyethylene àti polypropylene sì nìyẹn, wọn kì í gba gọ́ọ̀mù kankan tá a ní lórí tábìlì. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí wọn. Ẹ fi ìṣó kékeré tàbí wáyà gún un, kó há níbẹ̀. Fún ABS, Tamiya ní gọ́ọ̀mù tó ṣe fún un lọ́tọ̀. Róbọ́ọ̀tì tó ń há mọ́ra fúnra rẹ̀ kò sì nílò gọ́ọ̀mù, àfi níbi tí ẹ bá fẹ́ pa ojú àpapọ̀ rẹ́.

Tí owó ò bá tíì pọ̀ lọ́wọ́ yín, Extra Thin, súpà gúlù ti àárín àti PVA ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa ra èyí tó ki títí di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ to ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ táńkì.

Imú yín, ojú yín, àti ìgò

Ẹ ṣí fèrèsé. Èéfín acetone àti butyl acetate wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì níbi tí ojú yín tẹ̀ sí, torí náà fáànù tó ń fẹ́ ẹ gba fèrèsé jáde dára ju èyí tó ń fẹ́ ẹ kiri yàrá lọ. Ìbòmú eruku lásán ò dá a dúró. Èyí tó ní asẹ́ èédú fún èéfín kẹ́míkà ni kí ẹ lò tí ẹ bá fẹ́ jókòó pẹ́. Iná kankan kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ọmọdé tó bá fẹ́ bá yín tò, ẹ jókòó tì í.

Súpà gúlù àti òwú ò gbọ́dọ̀ pàdé. Aṣọ òwú, òwú ìtọ́jú ojú egbò, èyí tó wà lórí igi ìtọtí, gbogbo wọn ló ń mú un gan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń gbóná débi tó lè jó awọ. Tí ìka bá lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ rì wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ, kí ẹ rọra yí wọn, ẹ má fà wọ́n ya. Tó bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ìgò Extra Thin kékeré, ó sì rọrùn láti dà nù sórí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe fún oṣù kan. Ẹ gbẹ́ ihò tó bá ìgò náà mu sínú ègé fóòmù nípọn, irú èyí tí gọ́ọ̀mù náà kì í yọ́, tàbí sínú igi, kí ìgò náà máa gbé ibẹ̀. Ẹ máa dé e láàárín iṣẹ́, torí acetone ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ, èyí tó kù kì í sì sáré lójú àpapọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ti súpà gúlù tí ẹ ò tíì ṣí, ẹ fi í sínú fíríìjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ gbé e jáde, kó jókòó títí òtútù rẹ̀ á fi lọ tán, kí ọ̀rinrin má bàa wọ inú ìgò kó sì gan síbẹ̀.